Ọwọ́ Tí Ó Ń Darí Ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé róbọ́ọ̀tì inú yàrá iṣẹ́ abẹ a máa dá ṣiṣẹ́. Irọ́ gbáà ni. Da Vinci, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2000, kì í gbé apá àfi bí oníṣẹ́ abẹ tí ó jókòó sídìí rẹ̀ bá darí rẹ̀. Bí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn Oǹdó, tí ó ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, yóò bá ra irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ náwó lé. Kí ọmọ Arakale tí yóò di oníṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń fi ọwọ́ la ara, kí a sì rán an, kí ó tó fi àwòrán inú kọ̀ǹpútà dánra wò. Bí ẹ̀rọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, aláìsàn ṣì wà lórí tábìlì, ó sùn fọnfọn. Ọwọ́ ni yóò parí iṣẹ́ náà.