Ìlera Ìdílé: Oògùn Wárápá Kì í Ṣe Ohun Tí A Ń Dà Nù

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí dá lórí àwọn àìsàn ọpọlọ àti iṣan: orí fífọ́, rọpárọsẹ̀, ọwọ́ tí ń gbọ̀n àwọn àgbàlagbà, àti wárápá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a óò máa mú wọn. Wárápá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí lẹ́tà kan tí kò ṣeé fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá kan ló kọ ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 11, wárápá sì ti ń gbé e láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 6. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kiri títí, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà sì fún un ní phenobarbitone. Oṣù méje nìyí tí nǹkan náà kò gbé e mọ́. Nísinsìnyí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà ń sọ fún ìyá yìí pé bí ó bá gbàgbọ́ ní tòótọ́ pé Ọlọ́run ti wo ọmọ náà sàn, kí ó da oògùn náà nù. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé oògùn tí mò ń fún un yìí fi hàn pé n kò ní ìgbàgbọ́ ni?"

Màmá, ẹ má dá oògùn náà dúró. Ẹ má jẹ́ kí ó fo ọjọ́ kan. Bí a bá ṣàdédé gba phenobarbitone lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́, wárápá lè padà wá pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó lè máa gbé e léraléra láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ là láàárín. Irú èyí lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Oṣù méje láìṣubú tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í sábà ronú àtidín oògùn kù títí yóò fi pé ọdún méjì, ó kéré tán, tí ohunkóhun kò ti gbé aláìsàn. Bí àkókò yẹn bá sì dé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in, fún ọ̀pọ̀ oṣù, dókítà ni yóò sì máa darí rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ àdúrà.

Mo mọ ibi tí àwọn ará wa ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn ọmọkùnrin inú Máàkù orí kẹsàn-án ni wọ́n ń kà. Èmi náà gba ìtàn náà gbọ́, n kò yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá ṣubú ni ẹ̀mí àìmọ́ gbé ṣubú, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìyá ìyàwó Pétérù kò ti sọ pé kí a má lo oògùn ibà mọ́. Ẹ ṣí Mátíù orí kẹrin, ẹsẹ kẹrìnlélógún. Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Bíbélì, a ya àwọn tí wárápá ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ní ẹ̀mí èṣù. A ń gbàdúrà fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, a kì í sì í gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ẹni tí wárápá ń ṣe wá ṣẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọpọlọ wa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná mànàmáná kékeré, tí ó ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn ní ìwọ̀n àti ní ètò. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé ní 1929 pé a lè fi ẹ̀rọ gba iná yìí sílẹ̀ láti òde orí ènìyàn. Nínú wárápá, iná náà a máa ya lójijì, ọ̀pọ̀ ibi nínú ọpọlọ a sì bú sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìní ètò. Bí ó bá gba gbogbo ọpọlọ, ènìyàn á ṣubú, ara rẹ̀ á le gan-an, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, yóò yọ ifófó lẹ́nu, ó sì lè tọ̀ sára. Itọ́ lásán ni ifófó yẹn. Kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá nù ún kúrò lẹ́nu ọmọ kò ní kó wárápá láéláé, nítorí náà kí àwọn tí ń sá sẹ́yìn jẹ́ kí ìyá ọmọ rí olùrànlọ́wọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé apá kan ọpọlọ ni iná náà ti ya, ènìyàn lè má ṣubú rárá. Ó lè kàn tẹjú mọ́ ibì kan, kí ó máa jẹnu bí ẹni tí ń jẹun, kí ó máa fa aṣọ ara rẹ̀, kí o pè é kí ó má dáhùn. Nígbà tí ó bá kọjá, kò ní rántí ohunkóhun. Irú èyí ni wọ́n sábà máa ń pè ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọ̀run. Àwọn ọmọdé kan sì wà tí tiwọn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ: ọmọ á dákẹ́ lójijì nínú kíláàsì, ojú rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ láìrí nǹkan, lẹ́yìn náà á máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Lọ́jọ́ kan, èyí lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Olùkọ́ á sọ pé ọmọ náà kò fọkàn sí iṣẹ́, á sì nà án. Ẹ̀yin olùkọ́ inú ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mú ẹgba.

Àwọn tí ó ní àìsàn yìí kò kéré níye láàárín wa. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kú ní 1995, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Igbó-Ọrà jáde. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tí ó ju 18,000 lọ wò, wọ́n sì rí i pé nínú 1,000 ènìyàn, bí 5 ni wárápá ń ṣe. Ẹ wá fi èyí wo ìjọ tí ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn márùn-ún náà ń jókòó pẹ̀lú wa ní Sunday, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Kí ni dókítà máa ń ṣe kí ó tó pe nǹkan ní wárápá? Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọ́. Rárá o. Ẹ̀rọ EEG tí ń ka iná inú ọpọlọ wúlò, ṣùgbọ́n ó lè má fi nǹkan kan hàn lára ẹni tí wárápá ń ṣe ní tòótọ́, bí nǹkan náà kò bá gbé e lákòókò tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Nítorí náà, ẹni tí ó rí i ni kí ó tẹ̀ lé aláìsàn lọ, kì í ṣe ẹni tí ó rówó ọkọ̀. Dókítà yóò béèrè pé: kí ni ó ń ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Ọwọ́ wo ni ó kọ́kọ́ gbọ̀n? Ṣé ojú rẹ̀ ṣí tàbí ó padé? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó gbà, ó sì tó ìgbà wo kí orí rẹ̀ tó wálẹ̀? Bí ẹnì kan bá lè fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń tọ́jú aláìsàn, fídíò yẹn yóò ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀.

Ìbéèrè wọ̀nyí ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín wárápá àti dídákú lásán. Ẹni tí ó dákú nínú ọ̀gbàrá ènìyàn tàbí nínú oòrùn á kọ́kọ́ làágùn, ojú rẹ̀ á ṣú, á rọra wó lulẹ̀, bí a bá sì ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, kì í pẹ́ jí, orí rẹ̀ á sì pé. Ẹni tí wárápá gbé, oorun ni ó máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ó dà bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà kò tó láti pe ènìyàn ní oníwárápá. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó ju wákàtí 24 lọ síra wọn, láìsí ibà, àìtó ṣúgà tàbí ohun mìíràn tí ó fà á lójú ẹsẹ̀.

Gìrì ọmọdé náà yàtọ̀. Láti oṣù mẹ́fà títí di ọmọ ọdún márùn-ún, ara gbígbóná nìkan lè mú kí ọmọ ní gìrì, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kì í sì í di wárápá. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó lè jẹ́ ibà tí ó wọ ọpọlọ tàbí àrùn yírùnyírùn ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, pẹ̀lú ìbímọ tí ó nira tí ọmọ kò fi tètè ké, àti orí tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, wà lára ohun tí ń fa wárápá lẹ́yìn ọ̀la. Nípa ti agbo tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sè fún ọmọ tí gìrì mú, n kò ní fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Májèlé ni. Ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ pátápátá, ó ń dá mímí rẹ̀ dúró. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lé e lórí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, a sì ṣì ń rí àwọn ọmọ tí ìyà rẹ̀ jẹ ju ti gìrì fúnra rẹ̀ lọ.

Bí wárápá bá gbé ènìyàn lójú yín, ẹ wo aago. Ẹ gbé àga, sítóòfù, ìkòkò gbígbóná kúrò nítòsí. Ẹ ká gèlè tàbí ìró yín sábẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí, igi tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu: kò sí ẹni tí ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, eyín ni ẹ óò fi kán. Ẹ má da epo tàbí agbo sí i lẹ́nu, ẹ má fi ata sí i lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Mo ti wẹ irú egbò iná bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọdé, wárápá kọ́ ni ó dá a sí i lára. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí gbígbọ̀n náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi mọ ara rẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí ó tún gbé e kí ó tó jí, tàbí tí ó jẹ́ aboyún, tàbí tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni. Ẹ lè máa gbàdúrà bí ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí.

Ní ti oògùn, kò sí èyí tí a lè pè ní àrà ọ̀tọ̀. Phenobarbitone ti wà fún àìsàn yìí láti 1912. Phenytoin, carbamazepine àti sodium valproate náà wà, àwọn tuntun sì tún wà. Ẹyọ kan ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n kékeré, yóò sì máa fi kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí wárápá ń ṣe, ó tó 70 tí wọ́n lè wà láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí kò ní tirẹ̀: phenobarbitone lè mú oorun kun ọmọ tàbí kí ó sọ ọ́ di aláìfarabalẹ̀, phenytoin lè mú kí erìgì wú, carbamazepine lè mú kí ara sú. Bí ara bá sú, ẹ padà lọ bá dókítà ní kíá. Sodium valproate kò yẹ fún ọmọbìnrin àti obìnrin tí ó ṣì lè bímọ, bí ọ̀nà mìíràn bá wà, nítorí ó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó, kí ó má fi ara rẹ̀ dá a dúró. Kí ó lọ bá dókítà rẹ̀ kí ó tó lóyún. Phenobarbitone, phenytoin àti carbamazepine sì máa ń sọ oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni kò mọ èyí.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwa nínú ìjọ ju ẹlòmíràn lọ. Àìsùn a máa fa wárápá. Ẹni tí kò ṣubú láti oṣù mẹ́fà lè ṣubú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsọ́ òru, a ó sì wá sọ pé ọ̀tá ni ó jà padà. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sùn lálẹ́, kí ó wá sí àdúrà ọ̀sán. Ààwẹ̀ gbígbẹ náà kò dára fún un, nítorí àìjẹun a máa tì í ṣubú, oògùn àárọ̀ á sì fò. Bí ó bá ní òun fẹ́ gbààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà, kí ó sì fi omi gbé oògùn rẹ̀ mì lásìkò. Àwọn tí a óò ṣe ìrìbọmi fún, kí ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa àìsàn náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú omi. Kí wọ́n má dá lọ sódò, kí wọ́n má dá fa omi nínú kànga, kí wọ́n má sì wa ọkọ̀ títí dókítà yóò fi gbà wọ́n láyè.

Màmá tí ó kọ lẹ́tà, ẹ gbé ojú ìwé yìí lọ fún ẹgbẹ́ àdúrà yín. Ní oṣù tí ń bọ̀, orí fífọ́ ni: èyí tí a lè lo panadol sí, àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ sun ilé mọ́jú.