Ẹ So Thread Yín Mọ́lẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi láàárín àwa ọ̀dọ́ tá à ń kọ kóòdù: "Kernel gbọ́n jù ẹ́ lọ, fi í sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ ẹ̀." Prógíráàmù ń falẹ̀, a ò wo core tí àwọn thread wa jókòó sí, owó la sáré lọ ń san. Core mẹ́jọ ò tó, ó yá, ẹ jẹ́ ká háyà mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tá à ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni wọ́n fi ń pe owó ẹ̀.

Ẹ wo télọ̀ kan ní Mafoluku. Àlùmọ́gàjí, téèpù, bọ́bìnì, gbogbo ẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀. Ká ní ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń lé e dìde ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé kó lọ sídìí máṣíìnì míì torí pé ibẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ ẹ̀ ò ní dilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ló ń kó, kì í ṣe aṣọ ló ń rán. Tábìlì yẹn ni cache, ibi ìpamọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ core. Tí kernel bá gbé thread lọ sí core míì, ó di dandan kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó dátà ẹ̀ jọ.

Linux kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó máa ń gbìyànjú láti fi thread sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé thread kejì àti ìkẹta yín jọ ń ka àwọn nọ́ńbà kan náà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti burú jù ni ẹ̀rọ ńlá tó ní prósẹ́sọ̀ méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní memory tó sún mọ́ ọn. Èyí tó bá fẹ́ nǹkan lọ́dọ̀ èkejì gbọ́dọ̀ gba afárá kọjá. Ẹ̀gbẹ́ core tó bá kọ́kọ́ kọ nǹkan sínú memory ni Linux sábà máa ń fi í sí. Tí thread kan ṣoṣo bá fi òdo kún gbogbo àkójọ yín níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo dátà máa wà. Ìdajì thread yín á wá máa gba afárá lójoojúmọ́, bí ará Mafoluku tó ń ṣiṣẹ́ ní Island tó ń wọ gò-slò Third Mainland. Ẹ ra core ọgọ́rùn-ún, afárá yẹn ò ní fẹ̀ sí i.

Oògùn ẹ̀ ò wọ́n. Láti ọdún 2013 ni OpenMP 4.0 ti fún wa ní OMP_PLACES. Ẹ kọ OMP_PLACES=cores àti OMP_PROC_BIND=close, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí thread kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́kọ́ kọ nǹkan sí ìpín tiẹ̀. Ẹni tí kò lo OpenMP, taskset wà lórí Linux. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ẹnìkan á ní, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ àjọlò ńkọ́? Òótọ́ ni. Tí èmi àtìwọ bá so iṣẹ́ wa mọ́ core kan náà, a ó máa jà níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Ẹ má so ó níbẹ̀. Fóònù tó ní core ńlá àti core kékeré náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún kernel. Àmọ́ ẹni tó háyà odindi ẹ̀rọ fún ara ẹ̀ ò ní àwáwí yẹn.

Ẹ rọ́ọ̀nù kóòdù yín lẹ́ẹ̀mejì, ní síso àti láìso, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tó wá káàdì ATM yín lọ.