Ẹ Béèrè Ọmọ Náà ní Ọjọ́ Keje

Bí ẹnì kan bá gbé áàpù wá sí ilé ìwòsàn kan ní Lalupon, tó ní òun á máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ wo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwa tí a ń kọ áàpù mọ̀ pé kò sí áàpù tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá ń fi í han àlejò.

Ohun tí fóònù náà fẹ́ ṣe kò ṣòro. Ìlànà WHO ti wà nílẹ̀: ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọyàn, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú, tàbí tó rọ jọwọrọ tí kò dáhùn, kíákíá ni. Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 tó ń mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, mímí yẹn ti yára jù. Fóònù kàn ń rán nọ́ọ̀sì létí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń ṣì í. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan yẹ irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Epic wò, èyí tó yẹ kó máa ta dókítà lólobó nípa sepsis, àrùn tó máa ń pa èèyàn kíákíá. Nínú aláìsàn mẹ́ta tó ní in, bíi méjì ló bọ́ mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọsibítù l'Amẹ́ríkà ló ti ń lò ó.

Ẹ wá wo Dar es Salaam, ní Tanzania. Wọ́n fi áàpù ePOCT wé ALMANACH tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ tó lé ní 3,000 tí ara wọn ń gbóná dán méjèèjì wò. Ní ọjọ́ keje, wọ́n béèrè àwọn ọmọ náà. Nínú 100, àwọn tí ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́ fún jẹ́ 2.3 lọ́dọ̀ ePOCT, 4.1 lọ́dọ̀ ALMANACH. Ìdánwò nìyẹn! ALMANACH yìí náà ni wọ́n gbé wá sí Adamawa nílẹ̀ wa.

Àwọn kan á ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fa àkókò, owó ń lọ sí i, pé ó ṣáà sàn ju kí nọ́ọ̀sì má ní nǹkan kan lọ. Ta ló sọ pé kò ní nǹkan kan? Ó lójú, ó lọ́wọ́, ó ní ìrírí. Àfi kí áàpù dára ju ìyẹn lọ. Bí fóònù bá ní kò sí wàhálà, tí wàhálà sì wà, ìyá á fi ọkàn balẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Nítorí náà, áàpù Lalupon, Lalupon ni kí wọ́n ti dán an wò: nígbà tí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, tí ìyá ọmọ ń fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí áàpù ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Bó bá ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí UCH, ta ló máa gbé e? Ṣé ọ̀kadà ni, nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Iwo Road? Ọmọ tí kò débẹ̀, ẹ kà á mọ́ iṣẹ́ áàpù náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní áàpù àwọn dára, ẹ bi wọ́n pé: ọmọ mélòó lẹ lọ bẹ̀ wò ní ọjọ́ keje? Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n gbé fóònù wọn, kí wọ́n máa lọ.