Lẹ́yìn tí èrò Arigbo bá ti tú ká



Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ, ihò àpáta Arigbo máa ń kún fún èrò. Àwọn ará Tógò àti Nàìjíríà náà ń wá. A ń gbàlejò, a ń ta omi, a ń ta àbẹ́là. Ó dára. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lọ, iṣẹ́ Olúwa wo ló kù lórí òkè wa?

Àwa olùkọ́ tí a fi Faransé kọ́ rí ohun kan tó ń dùn wá. Ọmọ ń ka Faransé bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ní kó ka Bíbélì Yorùbá fún òun, ńṣe ni yóò máa yẹjú. Ìyá yẹn kò sì gbọ́ Faransé. (Òótọ́ ni pé ohùn Ìdáàṣà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bíbélì, ó ń yé e.)

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821. Sàró ló ti kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Kó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó ti ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè ìyá rẹ̀. Áńgílíkà ni, Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú wa. Ìyẹn ò ní ká má kọ́gbọ́n lára rẹ̀.

Àbá wa rèé: kí ẹni tó mọ Yorùbá kà gba ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oko, kí wọ́n jọ kàwé fún àgbàlagbà kan. Kò gba owó, kò sì dìgbà tí fadá bá rán wa. Àwa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.