Ìdíje Ẹwà Ajá: Ta Ni Ó Ń Ṣe Láǹfààní?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní, nínú gbogbo ohun tí ó ń dààmú ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ òyìnbó, owó ilé, ìwé ìgbélùú, ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ajá ni òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ìdílé wá jókòó kọ. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Inú ilé Yorùbá kan níhìn-ín ní Manchester ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, owó òógùn ojú sì ni ó bá a lọ.

Tọkọtaya kan wà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ìyàwó sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdájí. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ wọn méjèèjì kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí lórí ọ̀rọ̀ ajá. Kì í sì í ṣe ajá kan ṣá. French Bulldog ni wọ́n ní àwọn fẹ́, ajá kékeré olójú pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán bí ti àdán. Ní ọdún 2018 ni ẹ̀yà yìí gba ipò kìíní lọ́wọ́ Labrador nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Kennel Club, kò sì sí ọgbà ìṣeré kan ní ìlú wa tí a kì í ti rí i. Bàbá wọn kó owó tí ó lé ní £2,000 sílẹ̀. Ẹni tí ó tà á fi ìwé ìran ajá náà hàn wọ́n, ó sì nàka sí orúkọ kan níbẹ̀ pé bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ nìyí, pé ó ti gba ife-ẹ̀yẹ níbi ìdíje.

Nígbà tí oòrùn ọdún kejì mú, ajá náà kò lè rìn dé òpin òpópónà wọn kí ó má dùbúlẹ̀. Bí ó bá sùn, yàrá kejì ni a ti ń gbọ́ bí ó ti ń hanrun. Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ihò imú rẹ̀ ti há jù, ẹran àjà ẹnu rẹ̀ sì gùn wọ inú ọ̀fun, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọn kò ní adójútòfò fún un. Mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò ibi tí owó yóò ti wá. Ọmọbìnrin wọn, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà, sún mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn?" Mo ní rárá. Ó tún ní, "Ta ló wá ṣe é?" N kò rí èsì gidi fún un ní ọjọ́ náà. Èsì náà ni mo ń wá láti ìgbà yẹn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, ní ìlú Newcastle, ni wọ́n ṣe ìdíje tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ajá ọdẹ nìkan, pointer àti setter, ni wọ́n kó wá síbẹ̀, ìbọn sì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ó borí. Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀. Ní 1891 ni Charles Cruft, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa bisikíìtì ajá (ẹ kíyè sí i pé oníṣòwò ni), ṣe èyí tí a ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ títí di òní, ní Islington ní London. Ní Birmingham ni Crufts ń wáyé nísinsìnyí, ní oṣù kẹta ọdọọdún.

Bí ó ti ń lọ nìyí. Fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìwé àpèjúwe wà tí ó sọ bí orí, imú, ẹ̀yìn, ìrù àti irun rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ rí. Adájọ́ yóò fi ojú wọn ajá tí ó dúró níwájú rẹ̀ mọ́ ìwé náà. Bí ìwé bá ní kí imú kúrú, èyí tí imú rẹ̀ kúrú jù ni yóò máa wu adájọ́. Ẹni tí ó pàdánù yóò lọ wá èyí tí ó tún kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wo àwòrán Bulldog ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ óò rí i pé ó ṣì ní imú. Èyí nìkan kọ́. Akọ ajá tí ó bá borí, gbogbo ènìyàn ni yóò fẹ́ kí ó gun abo tiwọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láàárín ọdún díẹ̀ ó ti di bàbá àgbà fún agboolé kan odidi. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní títì: ẹni tí orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, kì í rọrùn fún un láti wọlé. Níbo ni ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò wá gbà wọ̀ ọ́?

Ní ọdún 2008 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Imperial College yẹ ìwé ìran ẹ̀yà ajá mẹ́wàá wò. Wọ́n rí i pé bí àwọn Pug ilẹ̀ yìí tilẹ̀ tó 10,000, bí ẹni pé ajá bí 50 péré ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ wọn ti ṣàn wá. Ní ti Bulldog àti French Bulldog, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ wọn ní ilẹ̀ yìí tí ó jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Orí ọmọ tóbi, ìdí ìyá kéré. Ẹran tí kò lè bímọ fúnra rẹ̀, tí a sì ń fi ife-ẹ̀yẹ dá lọ́lá!

Àwa Yorùbá kò nílò onímọ̀ kankan láti là wá lóye lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, àwọn àgbà a máa ṣe ìwádìí ìdílé: ṣé àrùn kan kì í ṣe wọ́n, ṣé wọn kì í kú ní kékeré, ṣé ẹ̀jẹ̀ kò kan ara wọn. Bí ó bá kan ara wọn, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Lónìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi kún un. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò tíì pín gààrí pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fẹ́ràn nítorí pé AS ni àwọn méjèèjì? Ẹkún ni, ṣùgbọ́n a mọ ìdí tí a fi ń sun ún. Títí di ọdún 2009, Kennel Club ṣì ń forúkọ ọmọ ajá tí bàbá bí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbọ́n bí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, sílẹ̀. Kì í ṣe inú ire nìkan ni ó mú wọn dá a dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008 ni BBC gbé ètò kan jáde tí a pè ní Pedigree Dogs Exposed, ìtìjú sì bá gbogbo wọn. Kí ó tó di oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, BBC tí ó ti ń gbé Crufts sáfẹ́fẹ́ láti ọdún 1966 ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlú tí mo ń gbé gan-an ní ẹlẹ́rìí fún ìhà kejì. Ajá kan wà tí ó ń jẹ́ Manchester Terrier, ajá dúdú tí ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n fi ń pa eku ní ìhà ìhín ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ilé iṣẹ́ òwú kún ìlú yìí. Wọ́n a máa gé etí rẹ̀ kí ó lè ṣe ṣóńṣó. Láti ọdún 1898 ni Kennel Club ti ní ajá tí a bá gé etí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ìdíje mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí ń ṣe ìdíje ni wọ́n gba etí ajá sílẹ̀. Ó wá dun àwọn olówó rẹ̀ pé etí náà kò wuyì mọ́, ọ̀pọ̀ wọn pa á tì, ó sì kù díẹ̀ kí ẹ̀yà náà parun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn mélòó kan tí ń mú un lọ sí ìdíje ni wọn kò jẹ́ kí ó kú. Títí di òní ó wà lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí Kennel Club ń kéde pé ó wà nínú ewu. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní Manchester, n kò tíì fi ojú kan ọ̀kan rí. Ìdíje tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa pàápàá, Stafford ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nítorí náà, n kò bá àwọn tí ó ní kí a fòfin de ìdíje ajá lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ìdíje bá ń san ẹ̀san fún ni àwọn ènìyàn yóò máa bí. Ní Crufts ọdún 2012, fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí dókítà ẹranko yẹ ajá tí ó bá borí nínú ẹ̀yà 15 wò kí ó tó tẹ̀ síwájú. Mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n dá padà, Bulldog sì wà lára wọn. Inú bí àwọn olówó wọn. Wọ́n ní wọ́n dójú ti àwọn. Ní tèmi, ọjọ́ náà ni ìdíje ṣiṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣe. Láti ọdún 2019, Kennel Club àti Yunifásítì Cambridge ní ètò kan tí ó ń fi máàkì 0 sí 3 wọn bí Bulldog, French Bulldog àti Pug ti ń mí. Èyí tí kò bá lè mí, kò yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ kan pápá ìdíje kankan, ì báà jẹ́ ti abúlé, kò sì yẹ kí ó bímọ.

Kí a sì ṣí ìwé náà. Lórí èyí, ará ilé wa láti Áfíríkà ni ẹlẹ́rìí mi. Basenji ni orúkọ rẹ̀, láti agbègbè odò Kóńgò. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní ajá abúlé wa nìyí: irun kúkúrú, etí ṣánṣán, ìrù tí ó ká kò sórí ẹ̀yìn, àfi pé kì í gbó bí ajá yòókù. Wọ́n kọ́kọ́ mú méjì wá sí Crufts ní 1895, àrùn sì pa wọ́n láìpẹ́. Ní 1937 ni ó tó rẹ́sẹ̀ walẹ̀ níhìn-ín, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ lọ wò ó ní Crufts. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ péré ni wọ́n ti bí gbogbo àwọn tó kù, nígbà tí ó yá, àrùn kídìnrín kan tí ń jẹ́ Fanconi gbòde láàárín wọn. Ní 1987 àti 1988, àwọn olólùfẹ́ Basenji láti Amẹ́ríkà padà sí Kóńgò, tí ó ń jẹ́ Zaire nígbà náà, wọ́n wá ajá lọ sí abúlé. Ní 1990 American Kennel Club ṣí ìwé rẹ̀ fún wọn. Ajá tí kò ní ìwé kankan, tí ó jẹ́ pé igbó nìkan ni adájọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n wá fi ran ajá oníwèé lọ́wọ́. Láti 2011, àyẹ̀wò ti wà tí ó ń sọ bóyá ajá gbé àbùkù Fanconi lára, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ AS.

Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ. Tanímọ̀la ni orúkọ ajá rẹ̀, imú ajá ni ó sì kọ́kọ́ ń wò bí ó bá ń yan ọmọ ajá, nítorí imú ni ọdẹ ń tẹ̀ lé wọ igbó. N kò sọ pé ilé sàn fún ajá ju ìhín lọ. A mọ̀ nípa dìgbòlugi, a mọ̀ nípa èyí tí a ń fi bọ Ògún, a sì mọ̀ nípa èyí tí mọ́tò pa tí kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ kan tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bí ajá tí kò lè mí.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá, ìwé ìran kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìlera. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin ilẹ̀ England ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bí i gan-an, tàbí ilé tí a ti ń gba ajá tí kò ní olówó mọ́, ni kí a ti ra ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó sáré lójú yín, kí ẹ sì dẹ etí sí èémí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Bí wọ́n bá ń fi ife-ẹ̀yẹ dá yín lóhùn, ẹ máa lọ ilé yín. Láti ọdún 1893 ni ilé ìtọ́jú ajá ti wà ní Manchester wa níhìn-ín. Ajá tí kò ní ìran kankan nínú ìwé kún ibẹ̀, owó ibẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ọ̀rẹ́ mi san.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ajá náà sì wà láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í mú un jáde ní ọ̀sán bí oòrùn bá mú. Ní oṣù kẹta tí ó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin náà, tí ó ti di ọ̀dọ́ báyìí, jọ wo Crufts lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwọn olójú pẹlẹbẹ jáde, ó dìde, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ti ń mí. Àtẹ́wọ́ ni a gbọ́.