Ṣíà Yín Kì í Ṣe Ti Alágbàtà

Mo tún gbọ́ ọ ní Olódò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti sú mi. Wọ́n ní ilé alágbàtà téèyàn bá ti ra ṣíà, ibẹ̀ ni ṣíà náà máa kú sí. Bí wọ́n bá ti ti ilé náà pa ní Dùgbẹ̀, ṣíà ti bá a lọ nìyẹn. Béèyàn bá sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ alágbàtà mìíràn, àfi kó kọ́kọ́ tà á, kó kówó lọ síbi tuntun, kó tún un rà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ ọ́ o, kì í ṣe òpè!

Alábàárù tó bá yín ru kòkó dé ìsọ̀, ṣé òun ló ni kòkó?

Láti ọdún 1997 ni CSCS (Central Securities Clearing System) ti ń tọ́jú ṣíà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà lọ́jà ìdókòwò Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni orúkọ yín àti iye ṣíà yín wà, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ alágbàtà. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní CHN: ẹyọ kan ṣoṣo lẹnì kan ń ní, bó ti wù kí alágbàtà rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ kó lọ á ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà tuntun pẹ̀lú CHN yẹn, á kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ṣíà òun lọ síbẹ̀, á buwọ́ lù ú. Bí orúkọ àti ìbuwọ́lùwé bá ti bá tàtijọ́ mu, tí kò sì jẹ alágbàtà lówó, wọ́n á yọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ dín.

Ta ló wá ní kẹ́ ẹ tà? Ẹ tà, alágbàtà gba owó iṣẹ́, ọjà àti ìjọba gba tiwọn. Ẹ rà padà, wọ́n tún gbà. Kẹ́ ẹ tó rà á, owó rẹ̀ lè ti gòkè, ẹgbẹ̀rún ṣíà á di ẹgbẹ̀rin. Bó bá bọ́ sí àsìkò pípín èrè, tẹ́ ẹ ti tà kí wọ́n tó ti ìwé orúkọ, èrè ọdún yẹn di tẹlòmíràn. Àwọn tó ra ṣíà báǹkì nígbà tí Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ (CBN) nígbà náà, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, tí ọjà dojú dé mọ́ lọ́wọ́ ní 2008, tí wọ́n rọ́jú dì í mú títí dòní: irú wọn lẹ̀ ń sọ fún pé kó tà, torí pé ó fẹ́ pààrọ̀ alágbàtà! Ẹ kú ọgbọ́n.

Wọ́n ní alágbàtà á bínú. Kó bínú. Wọ́n ní èrè á sọnù. Ríjísítírà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà, ló ń san èrè sí báǹkì yín, kì í ṣe alágbàtà. Ti ẹni tí ìwé ṣíà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀: kó kọ́kọ́ gbé e wọ CSCS.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àwọn alágbàtà kan ti ta ṣíà oníṣíà rí. Mo mọ̀. Olè nìyẹn, kì í ṣe ìlànà. Ẹ fún CSCS ní nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ ń lò báyìí, kí ẹ máa bi wọ́n léèrè ohun tó wà lórúkọ yín. Bí ilé alágbàtà bá sì ti kógbá sílé, CSCS tàbí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí.

Ẹni tó bá tún ní dandan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tà, ẹ bi í: ta ló máa gba owó iṣẹ́ títà náà?