Kí Ẹ Tó Fi Ọmọ Sí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òbí mi ọ̀wọ́n, bí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB bá ti tó báyìí, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa: “Pásítọ̀, ipò kìíní ni ọmọ wa máa ń ṣe ní kíláàsì. Ṣé kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní FUTA?”

Ipò kìíní nìkan kò lè dáhùn ìyẹn. Ọdún 1981 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì Àkúrẹ́ yìí sílẹ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, iṣẹ́ ibẹ̀ sì le. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó rò pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ gbọ́, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místrì ni yóò gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún kìíní rẹ̀. Èyí tí ó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, yóò tún un ṣe lọ́dún kejì, lórí iṣẹ́ tuntun. Káríófà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọmọ tí kò rí F rí láyé rẹ̀ lè rí i níbẹ̀, kí ojú sì tì í láti sọ nílé.

Nítorí náà, ẹ wo ọmọ yín nígbà tí ìṣirò bá le. Ọmọ kan wà tí yóò pa ìwé dé, yóò lọ jẹun, yóò sì tún padà wá bá a. Ẹ lè rán ẹni yìí lọ, bí kò tilẹ̀ ṣe ipò kìíní. Òmíràn, ohun tí olùkọ́ lẹ́sìnnì kọ sílẹ̀ ni ó há sórí. Bí ìbéèrè bá yí díẹ̀, ó parí. Àwọn kan ní, “Ó ń tú rédíò palẹ̀ láti kékeré.” Ó dára, ṣùgbọ́n ṣé ó fẹ́ mọ ìdí tí rédíò fi ń fọhùn?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an? Jíjẹ́ bàbá ẹnjiníà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

Bí ọwọ́ ọmọ bá yá ju ìwé lọ, Pólì kì í ṣe ẹ̀gàn. Ọdún méjì ni ND. Bí èsì rẹ̀ bá dára, ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ọdún kan péré ni yóò fi pẹ́ ju ẹni tí ó gba JAMB wọlé, yóò sì ti di irin iṣẹ́ mú dáadáa.

Kí ẹ tó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ wá ọmọ ìjọ kan tí ó wà ní ọdún kejì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí ó mú ìwé ìṣirò ọdún kìíní rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó tì í fún wákàtí méjì, láìsí yín níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ohun tí ó rí.